Orin Omi Dúdú àti Àjẹ̀ Bàbá Mi

Títí di òní olónìí, bí mo bá gbóòórùn ẹja tí wọ́n ń yan, ìró gìtá líle ló máa ń dún sí mi létí. Kì í ṣe pé orí mi dàrú. Ẹ̀yìn ààrò ìyá bàbá mi ní Àjídò ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní hẹ́fì-mẹ́tà. Èéfín ń ta mí lójú, mo ki okùn fóònù bọ etí méjèèjì, ọkùnrin kan láti ilẹ̀ olótùútù sì ń ké bí ẹni tí ilẹ̀kùn há lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ọmọ kíláàsì mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ló kó àwọn orin náà sínú mẹ́mórì káàdì wá sílé. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, mo wà ní kíláàsì àṣekágbá, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ láyé tí mi ò lè túmọ̀.

Ẹ má rò pé ijó ni mo ń bá orin náà jó. Ìtumọ̀ ni mo ń wá. Sàréè, ẹ̀jẹ̀, òkùnkùn, ẹyẹ ìwò àti ọba tó ń jẹ egungun ló kún inú rẹ̀. Ẹlòmíì á gbọ́ ọ, á ní Èṣù ló ń kọrin, èmi á sì rẹ́rìn-ín. Mo ní ìwé kan tí mo ń da ọ̀rọ̀ orin kọ sí apá òsì, tí mo sì ń kọ ìtumọ̀ tó fara sin sí apá ọ̀tún. Òwe kan ṣoṣo ni mo gbójú lé nígbà náà: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí olórin bá ní ìwò, mo ní ìjọba ni. Bó bá ní sàréè, mo ní ilé ìwé ni, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin ọgbọ́n ọmọ. Ọba tó ń jẹ egungun, ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa ni. Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á yí mi ká lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n á ní, "Ògbufọ̀, bá wa tú eléyìí jàre." Èmi náà á wá tú u, láìsí ìbẹ̀rù kankan. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èmi ò tilẹ̀ láṣọ, ẹnu nìkan ni mo ní.

Orin kan wà tí mo ń gbọ́ ju gbogbo ìyókù lọ. Omi Dúdú ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Mo ń gbọ́ ọ bí mo bá ń ti ọjà Àgbálátà bọ̀, mo ń gbọ́ ọ bí mo bá ń to ẹja sórí ààrò, títí ìyá àgbà á fi nawọ́ yọ okùn náà létí mi kí n má baà jẹ́ kí ẹja jóná. Ìtumọ̀ tí mo kọ fún un kún ojú ewé méjì: omi náà ni owó epo, ọkọ̀ ni orílẹ̀-èdè wa, ẹni tó rì sómi ni tálákà. Inú mi dùn sí i débi pé mo ya agbárí òkú ńlá kan sí èèpo ìwé náà.

Agbárí yẹn ló kó bá mi. Ọmọ Yorùbá láti ìlú Òjó ni màmá mi, ilé ọkọ ló gbé e wá sáàrin àwa Ègùn. Ó fẹ́ fọ báàgì ilé ìwé mi lọ́jọ́ kan ló bá rí ìwé náà. Kò pariwo. Ó wé e sínú ọ̀rá, ó gbé e tọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ, ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí wa, tó tún jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Àgbà là ń pè é. Ó dájọ́ pé lọ́jọ́ Àìkú, màá wá ka orin náà níwájú ẹbí, kí n sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ìtumọ̀ náà kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ilé àdúrà kan ní Ìkógà ni wọ́n á mú mi lọ fún oṣù mẹ́ta. Ìdánwò àṣejáde mi sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

"Ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní nìyí," ni màmá mi wí. "Bàbá ẹ̀ ò tíì dé. N ò ní í jókòó kí òun náà tún lọ."

Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn, pé kò tíì dé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí bàbá mi wa ọkọ̀ lọ sójú omi. Wọ́n rí ọkọ̀, wọ́n rí àwọ̀n, wọn ò rí i. Ní agbo ilé tiwa, a kì í dárò ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dárò rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta nìyẹn. Nítorí náà màmá mi kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Ìyá àgbà tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè wá kọrin arò ní gbogbo abúlé etí ọ̀sà kò kọ ẹyọ kan fún ọmọ tirẹ̀. Àjẹ̀ tí bàbá mi fi ń tukọ̀, èyí tí kò mú lọ lọ́jọ́ náà torí pé tuntun ló mú dání, fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọdún méjìlá la fi ń gbálẹ̀ yí i ká.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, lẹ́yìn ìsìn, mo dìde dúró láàrin ẹbí bí agbẹjọ́rò. Mo ka ìtumọ̀ mi. Mo tú owó epo, mo tú orílẹ̀-èdè, mo tú tálákà. Bàbá Àgbà ń mi orí. "Ọmọ yìí mọ̀wé o," ló wí, mo sì mọ̀ pé ìdánwò mi ti bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Ìyá àgbà ni kò mi orí. "Ovi ṣie," ló pè mí, ọmọ òun nìyẹn ní èdè Ègùn. "Gbogbo ìyẹn dáa. Kí ni ọkùnrin náà wí?"

"Owó epo ló ń bá wí, màmá."

"N ò bi ọ́ ní ohun tó fi pamọ́. Ojoojúmọ́ lo ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀fà yẹn gan-an, ṣé o kà á? Ohun tó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ni kí o sọ fún mi."

Mo ṣí apá òsì ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí Yorùbá ní ìlà kọ̀ọ̀kan:

"Omi dúdú gbé ọ mì, arákùnrin mi.
A rí ọkọ̀ rẹ, a ò rí ọ.
Àga rẹ ṣì wà nídìí tábìlì, a ń jẹun yí i ká.
Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀."

Mo ka ìlà kẹrin tán. Nígbà tí mo gbójú sókè, ibi tí àjẹ̀ wà ni gbogbo wọn ń wò. Ojú tì mí, ẹ̀yìn náà ni ìbànújẹ́ wá dé, ó sì pọ̀ ju ìtìjú lọ. Èmi ògbufọ̀ kíláàsì, mo ti gbọ́ orin yìí lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, owó epo ni mo sì fi bo bàbá mi mọ́lẹ̀.

"Jẹ́ kí n gbóhùn ẹ̀," ni ìyá àgbà wí. Mo ki okùn náà bọ̀ ọ́ létí. Ó dijú, ó gbọ́ ọ dópin, tòun ti ariwo gìtá àti ìlù. Ó yọ ọ́, ó dá a padà fún mi. "Ó pariwo jù," ló wí, "ṣùgbọ́n ó mọ ẹkún sun."

Bàbá Àgbà ní kí n lọ ṣe ìdánwò mi, ọ̀rọ̀ Ìkógà sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò tíì parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ní bó bá di Sátidé, òun máa gbé àjẹ̀ náà lọ sétí ọ̀sà.

"Ìyá, a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Àgbà wí.

"Èmi ni mo bí i," ni ìyá àgbà dá a lóhùn.

Ọ̀sán gangan la lọ. Ìyá àgbà gbé àjẹ̀ lé ojú omi, ó sì kọ orin arò tó ti wà níkùn rẹ̀ láti ọdún méjìlá. Ègùn ìjìnlẹ̀ ni, èyí tí màmá mi kò gbọ́. Ìyá àgbà dánu dúró, ó wò mí, ó ní, "Sọ ọ́ fún ìyá ẹ." Mo lè fi òwe bò ó. Mo lè ní ó ń sọ nípa ìrìn àjò. Àmọ́ mo kọjú sí màmá mi, mo ní, "Wọ́n ní ọmọ àwọn ti kú. Wọ́n ní omi ló pa á. Wọ́n ní kò ní í wálé mọ́." Màmá mi jókòó sórí iyanrìn, ó sunkún bí mi ò ṣe rí i sunkún rí, èmi náà sì sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí omi fi gbé àjẹ̀ náà lọ.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe jẹun báyìí, ní kóòtù kan ní Àgbádárìgì. Mo ń tú Ègùn sí Yorùbá, mo ń tú méjèèjì sí Gẹ̀ẹ́sì, mo sì mọ iṣẹ́ náà dunjú, n ò ní í purọ́. Àwọn lọ́yà máa ń fẹ́ kí n fi nǹkan lé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ohun tó wí ni mo sọ. Ìyá àgbà ti kú, a rí òkú rẹ̀ sin, a sì dárò rẹ̀ dáadáa. Mo ṣì ń gbọ́ àwọn orin mi, ìwé náà sì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nínú gbogbo ìtumọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ti Omi Dúdú nìkan ni mo fagi lé. Mo kọ orúkọ bàbá mi síbẹ̀.