Síìpù Ẹ̀yìn

Ìyá mi, aránṣọ, kì í fi síìpù sí ẹ̀yìn aṣọ. Oníbàárà tó bá ta kú pé ẹ̀yìn lòun fẹ́, á ní kó gbé aṣọ rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́ ni bàbá mi ṣe ẹbọra inú òṣùpá nínú fíìmù olówó táṣẹ́rẹ́ kan. Ìkòkò tí wọ́n fi okùn so rọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú wọn, okùn náà sì hàn kedere. Ìyá mi ló fi rọ́bà rán awọ ẹbọra. Olùdarí eré ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yìn ni kí o fi síìpù sí o, káwọn èèyàn má baà rí i." Ìyá mi fi í síbi tí ọwọ́ bàbá mi ò lè dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya ikú ẹbọra, wọ́n ní kó ṣubú, kó má mira. Bàbá mi ṣubú, kò lè mí nínú rọ́bà náà mọ́, ó wá ń fọwọ́ ha ẹ̀yìn, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Wọn ò dá kámẹ́rà dúró, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un. Kí wọ́n tó ṣí síìpù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Títí dòní làwọn ọ̀dọ́ ń wá fíìmù yẹn kiri, wọ́n á rí okùn ìkòkò, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Oníranù gbogbo! Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, kó tó débi ikú yẹn. Lánàá, ọ̀kan nínú wọn wá wọn aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ní, "Màmá, kò sí òṣèré tó mọ bí wọ́n ṣe ń kú tó ẹbọra yẹn."

Ìyá mi ní, "Mo mọ̀," ó sì ń wọn èjìká rẹ̀ lọ.