Ilé Ẹ̀yìn Gáréèjì ní Parakú

Bẹ́ńṣì kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní àdúgbò Zangouettin, tí gbogbo àwa ará Nàìjíríà tó wà ní Wágà ń pè ní bẹ́ńṣì ọ̀nà. Ọkọ mi ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, èmi ń ta abọ́ tánganran lápá kan ṣọ́ọ̀bù náà. Tí wọ́n bá ti kírun alásàrì tán, àwọn ọkùnrin wa á wá jókòó, ará Ṣakí, ará Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gáná, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ayé fún ara wọn. Bó o bá dé Abidjan, má sùn ní Treichville, Adjamé ni kó o lọ. Ní Jẹ́dà, gbé bàtà rẹ dání wọ mọ́ṣáláṣí. Ní Libreville, má pe ara rẹ ní oníṣòwò, sọ pé télọ̀ ni ẹ́. Ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ òtútù Marseille jù nínú wọn, etíkun Lomé ni ọ̀nà tirẹ̀ parí sí, gbogbo wa la mọ̀.

Bẹ́ńṣì náà ní òfin. Ẹni tó bá ti àjò dé gbọ́dọ̀ jókòó kó sọ ohun kan tó rí lọ́nà, tí yóò wúlò fún ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ bú ọ̀nà, nítorí pé ọ̀nà tó o bú lónìí, o lè tún un rìn lọ́la. Ì báà jẹ́ pé wọ́n bọ́ ṣòkòtò nídìí rẹ, bó o bá dé bẹ́ńṣì, ohun tí wàá sọ ni pé, "Ọ̀nà dára, a dúpẹ́."

Lọ́dún tí àwọn Refolúṣọ̀n, àwọn ṣọ́jà tó gbàjọba, yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà ni mò ń sọ. Ìwé ìrìnnà wa ṣì ń jẹ́ orúkọ àtijọ́, ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ àdúgbò gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ sí ìwé kó o tó kúrò nílùú, Nàìjíríà náà sì ti ti bọ́dà rẹ̀ pa. Èrò wá pọ̀ lórí bẹ́ńṣì. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ní kí àwọn ọkùnrin gbé agbọ̀n lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan, kí àwọn obìnrin lè sinmi. Mo júwe ìyá tó ń ta tòmátì gidi fún ọkọ mi. Ó ní ta ni yóò máa júwe ọ̀nà ọjà fún òun, òun tí gbogbo Wágà ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀? Tòmátì tó ti jẹrà ló gbé wálé.

Ọ̀nà tí wọ́n mọ ọkọ mi sí ni ti Parakú. Á gbẹ́nu sókè, á ní, "Bó o bá ti sọ̀ ní gáréèjì, gba ẹ̀yìn. Wàá rí ilé ńlá kan tó ní kànga, ti bàbá ará Ṣakí kan ni. Sọ pé èmi ni mo rán ẹ. Á fún ẹ ní yàrá, á wá ẹni tó mọ ọ̀nà igbó fún ẹ. Lọ́jọ́ kejì, o ti wọ Ṣakí." Àwọn tó bá gba ibẹ̀ lọ, tí wọ́n bá dé, wọ́n á ní, "A débẹ̀ o. Bàbá ní ká kí ẹ." Orí ọkọ mi á wú. Orí tèmi náà ń wú, mi ò ní purọ́.

Nígbà tó yá, dẹ́rẹ́bà kan mú iṣẹ́ wá látọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ṣakí pé ìyá wa dùbúlẹ̀, kò jẹun mọ́, èmi nìkan ló ń bèèrè. Èmi ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ọkọ mi ní, "Má fòyà, ìyá wọn. Gba Parakú." Ọkọ̀ tí mo wọ̀ ń lọ sí Kutọnu, ì bá já mi sí Ṣábẹ̀, létí bọ́dà, láìsí wàhálà. Mo sọ̀ ní Parakú nítorí ilé bàbá yẹn.

Ẹ̀yìn gáréèjì náà, àwọn mẹkáníìkì ló wà níbẹ̀, àti ààtàn, àti ògiri ilé ìwé kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ilé. Mo bèèrè lọ́wọ́ lèmọ́ọ̀mù, mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń pọn omi. Mo rò pé ojú mi ló fọ́. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà nínú gáréèjì pè mí.

"Ìyá, ṣé Wágà lẹ ti ń bọ̀? Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkarùn-ún tó ń bèèrè ilé yẹn lọ́dún yìí. Kò sí ilé kankan níbẹ̀ rí."

Ó ṣàpèjúwe àwọn mẹ́rin tó ṣáájú mi. Ọ̀kan ní eyín wúrà. Mo mọ̀ wọ́n tán. Àwọn tí wọ́n ní bàbá ní kí wọ́n kí ọkọ mi ni.

Obìnrin yẹn ló wá sọ ọ̀nà gidi fún mi: kí n lọ sí Ṣábẹ̀, kí n dúró de ọjọ́ ọjà, kí n gbé ẹrù sórí, kí n tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó ń ná ọjà kọjá bọ́dà, ṣọ́jà kì í wojú obìnrin tó rẹrù. Bó ṣe wí náà ló rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ Ṣakí, wọ́n ti sin ìyá mi níjẹta. Wọ́n ní ní àràárọ̀ ló ń bèèrè bóyá mo ti dé. Ká ní mi ò sọ̀ ní Parakú, ǹ bá bá a láàyè.

Nígbà tí mo padà dé Wágà, wọ́n bi mí léèrè ọ̀nà. Mo ní kò sí ilé ní Parakú. Mo júwe ọ̀nà Ṣábẹ̀ fún wọn.

"Ọ̀nà obìnrin nìyẹn," ni ọ̀kan wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

"Ìyá wọn, ṣé o bèèrè dáadáa ṣá?" ni ọkọ mi wí.

Eléyín wúrà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó wá sídìí abọ́ mi, ó ń ṣe bí ẹni fẹ́ ra nǹkan.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ilé yẹn. Mo rò pé èmi nìkan ni mi ò rí i."

"Ẹ wá ní bàbá ní kẹ́ ẹ kí ọkọ mi."

"Kí ni ǹ bá sọ lójú gbogbo wọn?"

Nígbà tí mo dojú ọ̀rọ̀ kọ ọkọ mi nínú yàrá, ó jẹ́wọ́ pé òun ò sọ̀ ní Parakú rí láyé òun, ẹnìkan tó ti kó lọ sí Abidjan ló sọ ọ́ fún òun. Ó wá ní, "Ṣé èmi ni mo pa ìyá ẹ ni?" Mi ò ní òun ló pa á. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò fẹ́ràn ohùn rẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Wọn ò sọ ohun tí ojú òtítọ́ máa ń rí lọ́jọ́ tó bá lé irọ́ bá.

Lẹ́yìn oṣù kan, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ tó pọnmọ wá láti Tampouy, àdúgbò mìíràn ní Wágà. Bàbá ọkùnrin náà ń ṣàìsàn nílé, wọ́n fẹ́ mọ ọ̀nà. Ọkọ mi wò mí, ó gbójú kúrò, ó ní, "Bó o bá ti sọ̀ ní gáréèjì Parakú, gba ẹ̀yìn." Ọkùnrin náà kọjú sí eléyín wúrà.

"Ṣé ẹ̀yin náà ti débẹ̀?"

"Mo débẹ̀. Ilé ńlá ni."

Mo dìde. Mo ní, "Irọ́ ni! Wọ́n sin ìyá mi kí n tó délé nítorí ilé yẹn. Ẹ má sọ̀ ní Parakú, Ṣábẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ." Ọkùnrin náà wò mí tàánútàánú.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere."

Ó yọ bébà kékeré kan lápò, ó kọjú sí ọkọ mi, ó ní kó jọ̀ọ́ kó tún un sọ, kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi sì tún un sọ.