Orin Fọlájìmí: Ẹ Jẹ́ Kó Dé Ìparí

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ṣítù gun ọ̀kadà láti Alákìá dé Ìjàyè, ó ń sunkún bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó dé iwájú ilé tuntun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Alhaja Mùsílímátù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ó sì bá Alhaja níbẹ̀ tó ń sá èlùbọ́.

"Ìnnà lílàhi! Ṣítù, ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí mi."

Iṣẹ́ ọwọ́ olóògbé Fọlájìmí nìyẹn. Ní Mọ́níyà, òun ni wọ́n ń gbé fídíò ìṣílé, ìgbéyàwó àti wòlímọ̀ fún kó bá wọn tò ó. Kí odindi fídíò tó jáde, á kọ́kọ́ gé ìṣẹ́jú kan péré nínú rẹ̀, kí onínàáwó lè fi ránṣẹ́ lórí Wasaapu, kó máa wu àwọn èèyàn láti wo ìyókù. Fújì tàbí orin ẹ̀mí ni gbogbo ayé ń fi sí tiwọn. Fọlájìmí kọ̀! Orin òyìnbó ayé àtijọ́ ni tirẹ̀, èyí tí kò lọ́rọ̀ nínú, tí ogójì èèyàn ń ta fáyólìnì pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wúkọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Orí rédíò ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ níbi tó ti ń kọ ebè lóko bàbá rẹ̀. Adùn orin náà pọ̀ débi pé ó bo ọkọ́ mọ́ inú ebè. Títí di òní, wọn ò rí ọkọ́ náà.

Nínú fídíò Alhaja, léèsì funfun ló wà lọ́rùn wọn, ojú wọn ń rọra súnmọ́ tòsí, fáyólìnì kan ṣoṣo sì ń ké lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kéde òkú gẹ́lẹ́ nìyẹn, òun sì ni Ṣítù rí lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí Alhaja fi dé Mọ́níyà.

"Jìmí, ṣé ò ń sin mí ni?"

"Alhaja, orin ìṣílé ni! Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló rọra ń lọ, ayọ̀ wà níwájú. Ẹ jẹ́ kó dé ìparí."

"Ìparí wo? Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kírun sí mi lára kó tó dé ìdajì!"

Ó yí orin náà padà. Gbogbo ìgbà ló ń yí i padà, nítorí gbogbo oníbàárà ló ń bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń wá láyé: kí ẹnì kan, ẹyọ kan péré, sọ pé kó má fọwọ́ kan orin òun.

"Lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ ìyẹn," ó máa ń sọ fún Dorothy tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, "màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá lọ sùn."

"Bọ̀ọ̀dá Jìmí, a jẹ́ pé ẹ ò ní sùn láéláé."

Ìgbà kan, Kifayah tó ń dín gààrí ní kó bá òun ṣe ìpolówó. Fọlájìmí gbé orin kan tó ń sáré bí ẹṣin wá, ó sì dúró ti agbada.

"Ẹ yára díẹ̀! Fáyólìnì ti ń fi yín sílẹ̀!"

"Ọwọ́ mi ń ro mí o!"

"Ẹ fara dà á, fèrè ló kù!"

Gààrí jóná. Ṣùgbọ́n ó bá orin mu gẹ́lẹ́ bó ṣe ń jóná.

Tó bá ti sú u, ilé ló ń lọ, á gbé orin fún àwọn adìẹ rẹ̀. Bí orin bá rọ̀, adìẹ á dúró jẹ́ẹ́, wọn ò ní jẹun. Ó ní àwọn nìkan ló mọ orin ní Mọ́níyà, àti pé wọn kì í ní kí òun yí i padà.

Nígbà òjò tó kọjá, Fọlájìmí sùn, kò jí. Dorothy ló gé ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi kéde ìsìnkú: Fọlájìmí nínú aṣọ funfun Séráfù, ó ń rẹ́rìn-ín, orin tí Alhaja kọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n gbé fídíò náà sójú ògiri nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni Ṣítù wọlé sí nínú agbádá olówó ńlá, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò lè tún tàn mí jẹ lẹ́ẹ̀kejì! Orin yìí kọ́ ni? Ilé wo ni Jìmí ṣí?"

Orin náà sì dé ìdajì, ó yí bírí, fèrè gbé e, ó di ayọ̀.

"Dorothy, yí orin yẹn padà," Alàgbà Ọlájídé pariwo. "Òkú là ń sin!"

Dorothy na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Alhaja Mùsílímátù ti dìde lẹ́yìn. "Orin tèmi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó dé ìparí."

Ó dé ìparí. Ẹnikẹ́ni ò wúkọ́.

Alhaja rọra fa àbúrò wọn jókòó.

"Ṣítù, òótọ́ ni Jìmí sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Orin ìṣílé ni."