Omi Kànga Matthias

Níbi tí wọ́n ti bí Agnes, létí òkun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, gbogbo omi tó yí wọn ká ló níyọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ pọn omi mímu, òun ló sì ń wà á láti kékeré. Nígbà tí Matthias fẹ́ ẹ wá sí ìlètò wa, láàárín ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ àti òkun, ohun kan ló ṣèlérí fún un: kò tún ní wakọ̀ lọ pọnmi mọ́ láyé. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kànga sínú iyanrìn ẹ̀yìnkùlé. Omi náà dùn. Kò sí ọmọ tí a sọ lórúkọ níbí tí a kò fi omi kànga yẹn kàn lẹ́nu.

Matthias ti kú kí Tẹ́milọ́rùn, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó bí àkọ́bí tirẹ̀ lọ́dún 2007. Àdúgbò Benson ní Ìkòròdú lòun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n Agnes fárígá pé ọ̀dọ̀ òun ni ìsọmọlórúkọ yóò ti wáyé, pẹ̀lú omi bàbá àgbà ọmọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà wá le. Ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀ láti inú kànga.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ sí i," ni Tẹ́milọ́rùn sọ lórí fóònù. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìkòròdú níbí nìyẹn, omi sì máa ń yọ dáadáa."

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá Agnes lẹ́bi lónìí, ṣebí ẹ̀yin lẹ pàtẹ́wọ́ nígbà tí Adéyọ̀sí agbẹ́kànga gbẹ́ ẹ jìn, tí omi sì tú jáde? Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ gíga ni Ìkòròdú. Iyanrìn ni tiwa. Omi òjò díẹ̀ ló wà lókè, omi òkun ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A kò mọ̀, Adéyọ̀sí náà kò mọ̀.

Láàárọ̀ ìsọmọlórúkọ, pásítọ̀ ti ìka bọ omi, ó fi kan ọmọ lẹ́nu. Ọmọ rojú, ó figbe ta. A rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ife fún ìyá àgbà, ó tọ́ ọ wò. Nígbà tí pásítọ̀ nawọ́ sí àwo iyọ̀ tó kàn, Agnes di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Pásítọ̀, ẹ má wulẹ̀ ṣí i. Iyọ̀ ti wà nínú omi."

Tẹ́milọ́rùn dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún. "Màmá, èmi ni mo fà á."

"Dìde, ọmọ mi. Omi tí bàbá rẹ ìbá fún ọmọ yìí lo ń wá."

Omi inú ọ̀rá ni a fi sọ ọmọ náà ní Ìtẹ́olúwa. Àánú Agnes ṣe mí débi pé n kò lè jẹun níbẹ̀.

A retí òjò. Òjò rọ̀, omi kànga kò dùn mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Agnes létí ọ̀sà, ó ń to kẹ́ẹ̀gì sínú ọkọ̀, ó fẹ́ lọ pọnmi lódìkejì.

"Agnes, jẹ́ kí n bá ọ wà á," ni mo wí.

"Fi í sílẹ̀," ló dáhùn, ó sì mú àjẹ̀. "Mi ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wà á."