Gàrí Tó Gba Ife-Ẹ̀yẹ

"Nọ́n! Nọ́n! Nọ́n! Gàrí nìyẹn!"

Kí n tó ṣẹ́jú, ìyá àgbà mi ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, wọ́n sọ ọ́ lu tẹlifíṣọ̀n. Ó tase, ògiri ló bà. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, aládùúgbò sì kún pálọ̀ wa l'Ẹ́jìgbò. Àǹtí mi, àbíkẹ́yìn ìyá àgbà, ló ń dáná níbi ìdíje kan tí oníkálùkù ti ń se oúnjẹ ìlú rẹ̀. Atíẹ́kẹ́ ló lóun máa se.

Iṣẹ́ ìyá àgbà ni atíẹ́kẹ́. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe é l'Ábíjàn kí wọ́n tó gbé e wálé, bí wọ́n ṣe gbé Faransé tí wọ́n fi ń bínú wálé. Ìró ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń rin ló máa ń jí mi láràárọ̀. Wọ́n á sun ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á fi àpò dì í fọ́jọ́ mẹ́ta títí á fi kan. Ìwúkàrà ni wọ́n ń pe ìyẹn, bíi ti inú Bíbélì. Òun ni wọ́n ń pò mọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, kí wọ́n tó fún un, kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, kí wọ́n tó gbé e sórí ooru omi. Òórùn rẹ̀ wọ aṣọ iléèwé mi, àwọn ọmọ kíláàsì mi a sì máa dimú. Mo ráhùn títí.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni ìyá àgbà á wí. "Ṣé wọn kì í jẹ ẹ́ ni?"

Nígbà tí àǹtí mi ń lọ síbi ìdíje, wọ́n di ìwúkàrà fún un. "Má jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ ẹ o. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni gbogbo Nàìjíríà fẹ́ tọ́ wò yẹn."

Báyìí, gàrí la rí tó ń wọ́n omi sí kó lè jọ atíẹ́kẹ́. Adájọ́ kan tọ́ ọ wò, ó dijú.

"Adùn Ẹ̀jìgbò pọ́nńbélé rèé!"

Wọ́n gbé ife-ẹ̀yẹ fún un. Pálọ̀ hó yèè. Omi ń dà lójú ìyá àgbà, àwọn èèyàn rò pé ayọ̀ ni, wọ́n ń bá wọn dúpẹ́. Inú bí mi sí gbogbo wọn.

Nígbà tí àǹtí mi dé, ó kúnlẹ̀ tòun tife. Ó ní èrò ọkọ̀ ló ń pariwo, lòun bá ju ìwúkàrà nù lọ́nà.

"Màámi, ẹ má bínú. Òórùn yẹn ló tì mí lójú."

"Òórùn tó rán ẹ níléèwé?"

Wọ́n pòṣé, wọ́n padà sídìí ẹ̀gẹ́ wọn. Wọn ò tún bá wa wo ìdíje kankan mọ́ títí wọ́n fi papòdà.

Èmi ni mo ń ṣe é báyìí. Àwọn èèyàn ń ti àwọn ìlú ìtòsí bí Ìsúndúnrin àti Ọ̀là wá rà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọge kan tọ́ ọ wò, ó yínmú.

"Àǹtí, tiyín kan jù. Kì í ṣe ojúlówó. Èyí tí wọ́n fi gba ife lórí tẹlifíṣọ̀n ò kan rárá."

Ohun méjì ni mo jogún lọ́wọ́ ìyá àgbà: ìwúkàrà, àti òṣé. Mo pòṣé. Mo wo bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún mi fúngbà díẹ̀, mo fi í sílẹ̀ níbi tó wà, mo sì di atíẹ́kẹ́ fún ẹni tó tẹ̀ lé e.