Píjò Bàbá Ọpẹ́ Padà Sójú Títì

Gbogbo ẹni tó bá ń gbé aṣọ lọ fún Fẹ̀hìntọlá rán ní Kàbà ló mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ á máa sáré geere. Bí nǹkan bá ń dùn ún lọ́kàn, ẹ̀rọ náà á gbéra, á dúró, á tún gbéra bí ewúrẹ́ tó ń tiro. Lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ó pẹ́ gan-an kí àwọn aládùúgbò tó tún gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà.

Ernest Dáramọ́lá lorúkọ ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Ọpẹ́ ni òun ń pè é, nítorí Ọpẹ́dayọ̀ ọmọ wọn tó wà ní Àbújá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì, lẹ́ka ọ̀gbìn. Òun ló ń lọ wo oko kaṣú àti oko kọfí káàkiri Ponyan, Makutu àti Ẹ̀júkù, Píjò 504 funfun kan ló sì fi ń rin gbogbo ìrìn náà. Owó ara rẹ̀ ló fi ra ọkọ̀ yẹn. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, ó tì í sábẹ́ àtíbàbà páànù lẹ́yìn ilé, ó da tapólì bò ó, ó ní tó bá dọdún tó ń bọ̀ òun á tún un ṣe. Ọdún tó ń bọ̀ náà ò dé. Adìyẹ ń yé sórí àga ẹ̀yìn, agbọ́n kọ́lé sínú iná iwájú, eku jẹ gbogbo wáyà rẹ̀ tán.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló gbé Bàbá Ọpẹ́ ṣubú. Ó mú un lọ́wọ́ ọ̀tún àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ẹnu tó kọ́kọ́ wọ́ padà sípò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wá di ohun tó ń jáde lẹ́yọ lẹ́yọ, bí omi inú ẹ̀rọ tí kò ní agbára mọ́. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ èrò ni ìyàwó rẹ̀ fi ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kan ní gáréèjì, wọ́n ti gbé e jókòó tán, ẹsẹ̀ tó kú náà kò ṣeé ká, awakọ̀ sì ní bàbá yìí ń fi àkókò àwọn ṣòfò. Àwọn méjì bá gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí àpò gàárì, wọ́n gbé e lé bẹ́ǹṣì, ọkọ̀ sì lọ. Fẹ̀hìntọlá gbé e padà sílé. Ìgbà tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni Bàbá Ọpẹ́ sọ pé, "Mi ò jáde mọ́."

Kò sì jáde mọ́ lóòótọ́. Kò lọ sílé ìwòsàn, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àlájà, tó ń gbé ní Iyara, ò lè wá wò ó, torí orúnkún tirẹ̀ náà ti bàjẹ́. Fóònù nìkan ni wọ́n fi ń gbúròó ara wọn, kí Bàbá Ọpẹ́ sì tó kí i tán, Àlájà á ti bú sẹ́kún.

Fẹ̀hìntọlá wo ọ̀rọ̀ náà títí. Ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n kúkú ta Píjò fún àwọn tó ń ra àjákù irin, kí ẹ̀yìn ilé lè gbòòrò. Kò bá a jiyàn. Ó ta ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Ọláníran, mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Iyara.

Ọláníran ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí ìtẹ́ eku, ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ìyá náà kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó pa ẹnu dé.

"Màmá," ló wí, "ọkọ̀ yìí ti kú."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọkọ mi náà," ni Fẹ̀hìntọlá dá a lóhùn. "Ó jẹ iyán lánàá."

Ọláníran bi í pé ta ni yóò máa wa ọkọ̀ náà bí ó bá jí. Fẹ̀hìntọlá ní òun ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò dùn mọ́ Bàbá Ọpẹ́ nínú. Nígbà tí Ọpẹ́dayọ̀ ṣì kéré, ó ti gbìyànjú rí láti kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan, obìnrin náà sì lọ gbá òpó bọ́ọ̀lù. Bàbá Ọpẹ́ fi ìtàn yẹn pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín, kò sì gbé kọ́kọ́rọ́ fún un mọ́ láé. Nísinsìnyí, tí wọ́n sọ fún un pé wọ́n fẹ́ tún ọkọ̀ náà ṣe, ó kọ ojú sí ògiri. Lójú tirẹ̀, wọ́n ti ń pín ogún òun lójú ayé òun.

Fẹ̀hìntọlá kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bá a jà. Ó kàn ṣí fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé sílẹ̀ láràárọ̀. Àwọn Ọláníran sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, wọ́n tú u palẹ̀ sórí àpò, wọ́n fi kẹrosín-ín fọ̀ ọ́. Wọ́n jó rédíétọ̀ tó ti jẹrà. Wọ́n pààrọ̀ wáyà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Jíà ló fún wọn níṣẹ́ jù, nítorí kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní Kàbà. Fẹ̀hìntọlá àti Ọláníran ló jọ lọ dé Ẹ̀júkù, níbi tí wọ́n ti tú u lára Píjò ẹni kan tí igi wó lù. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, Ọláníran gbójú sókè, ó rí orí Bàbá Ọpẹ́ lójú fèrèsé. Kò sọ fẹ́nì kan.

Iṣẹ́ parí nígbà ọyẹ́. Ó ku kọ́kọ́rọ́. Bàbá Ọpẹ́ ní òun ò mọ ibi tó wà. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló wà, Fẹ̀hìntọlá sì mọ̀, òun tó ń pààrọ̀ aṣọ ìrọ̀rí náà. Ọláníran ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun á so wáyà pọ̀, ọkọ̀ á sì dáhùn.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀," ni Fẹ̀hìntọlá wí. "Ọkọ̀ náà lẹ́ni tó ni ín, ẹni náà sì ń bẹ láàyè. A ò ní ṣe bí olè."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà á gbéra, á dúró, á tún gbéra. Bàbá Ọpẹ́ ń gbọ́ ọ láti yàrá. Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀ báyìí, Píjò dúró lábẹ́ páànù, ó mọ́ tónítóní, kò lọ ibì kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pe ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sídìí ọkọ̀. Fẹ̀hìntọlá ránṣẹ́ pe Ọláníran, àwọn méjèèjì gbé e, ó sì ní ìdí sitíárì ni òun fẹ́ jókòó sí. Wọ́n gbé e síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé tórótù tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré. Ẹsẹ̀ náà ré bọ́. Ó tún gbé e. Ó tún ré bọ́. Fẹ̀hìntọlá wo ibòmíràn. Ni ọkùnrin náà bá sọ pé, "Ẹ gbé mi sí òdìkejì."

Nígbà tó jókòó tán lápá ọ̀tún, ó ti ọwọ́ bọ àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ.

"Òpó bọ́ọ̀lù yẹn," ló wí, "o ò rí i?"

"Mo rí i, Bàbá Ọpẹ́. Ẹ̀ ń pariwo mọ́ mi létí ni."

Ó ní, "Mi ò lóhùn tí mo lè fi pariwo mọ́." Ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Píjò wúkọ́, ó da èéfín dúdú, adìyẹ fọ́n ká, ó sì dáhùn. Àwọn ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti ìgbà ọmọge mọ bí a ti ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lẹ́. Ìyẹn ò ni wọ́n lára. Jíà ni kò mọ̀. Bó bá ti ń wá a, orí rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọkọ̀ á sì yà kúrò lọ́nà. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ní pápá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti lọ ń kọ́ ọ, Bàbá Ọpẹ́ gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé jíà náà. Ọwọ́ tó yè ló wà níbẹ̀, ní àárín àwọn méjèèjì.

"Tẹ̀ ẹ́," ló wí. Obìnrin náà tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin náà fa jíà wọlé. "Jọ̀wọ́ rẹ̀." Ọkọ̀ náà rọra lọ.

Bí wọ́n ṣe ń wà á nìyẹn. Ìyàwó tẹ, ọkọ fà. Kò pẹ́ tí wọn ò fi nílò ọ̀rọ̀ mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti yí ohùn padà, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ á ti gbéra pọ̀. Wọ́n lọ sílé ìwòsàn, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ọláníran jókòó lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ tó níwèé àṣẹ, pátákó tó ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wà á sì wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n dojú kọ Iyara. Omi rédíétọ̀ hó lórí òkè kan, wọ́n sì dúró títí ọkọ̀ fi tutù. Awakọ̀ èrò kan rí wọn, ó dúró, ó fún wọn lómi inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ó tún kí Bàbá Ọpẹ́ kú ìrìn, bí ẹni tó rí awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àlájà gbọ́ fèrè ọkọ̀, ó fi ọ̀pá jáde. "Okun o, ọmọ ìyá mi," ló ń kí i bọ̀ lóhùn ilé wọn. Torí pé kò rọrùn fún Bàbá Ọpẹ́ láti sọ̀ kalẹ̀, kò sì rọrùn fún òun náà láti dúró pẹ́ lórí orúnkún rẹ̀, ó wọlé sínú Píjò, ó jókòó sí ìdí sitíárì tí Fẹ̀hìntọlá dìde fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé oúnjẹ bá àwọn méjèèjì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ gbayawu fún atẹ́gùn. Bàbá Ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kí i, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́yọ lẹ́yọ. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró títí ó fi kí i tán.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, oorun gbé Bàbá Ọpẹ́ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ kúrò lórí jíà, ó bọ́ sórí itan rẹ̀. Òkè wà níwájú, ẹ́ńjìnnì ti ń kérora. Ọláníran na ọwọ́ láti jí i, ṣùgbọ́n Fẹ̀hìntọlá rí i nínú dígí, ó sì mi orí fún un. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ lé jíà, kò wo ilẹ̀. Jíà wọlé. Wọ́n gun òkè náà tán, wọ́n sọ̀, ó tún yí i padà, títí wọ́n fi wọ Kàbà, oorun ọkùnrin náà kò sì já.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n tún múra ṣọ́ọ̀ṣì. Fẹ̀hìntọlá yí kọ́kọ́rọ́, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sitíárì, ó sì dúró de ọkọ rẹ̀. Bàbá Ọpẹ́ kọ́kọ́ tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe ná, kó tó na ọwọ́ sí jíà.