Ajá Baba Télọ̀ àti Fọ́tò Tó Mọ́ Jù

Ogún ọdún ni obìnrin yìí ti ń fi ẹ̀rọ ya fọ́tò inú ara ẹran ní ilé ìwòsàn ẹranko. Má-mira ni gbogbo èèyàn ibẹ̀ ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ fún ajá àti ológbò nìyẹn kó tó tẹ bọ́tìnì. Á dúró títí ẹran á fi fa èémí sínú, tí àyà á kún. Fọ́tò rẹ̀ á wá mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn.

Fọ́tò mímọ́ náà ló fẹ́ pa ajá baba télọ̀.

Oṣù mẹ́ta ni ajá kékeré náà ti ń wúkọ́, tó ń dún bíi pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fún lọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Má-mira ya àyà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà kò rí nǹkan kan. Oògùn kòkòrò kò ràn án, ti ọkàn náà kò ràn án. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí, ahọ́n rẹ̀ ti ń dúdú. Baba télọ̀ gbà kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí ajá kì í jí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, baba," ni dókítà wí.

"Èmi kọ́ ló ń wúkọ́. Òun ni kí ẹ bẹ̀."

Má-mira dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìhà ajá náà. Bí ìhà bá wú, ara á rọ̀ ọ́. Bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ikọ́ á gbá a mú.

"Ìgbà tí èémí ń jáde ni ikọ́ ń mú un," ó wí. "Ìgbà tó ń wọlé sì ni mo máa ń yà á. Ẹ jẹ́ kí n yà á bó bá ṣe ń wúkọ́."

"Màmá, bó bá wúkọ́ lórí tábìlì, ó lè má mí mọ́."

"Ṣé abẹ́rẹ́ ọwọ́ yín yẹn ló máa jẹ́ kó mí?"

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ òjé tí ń dá ìtànṣán ẹ̀rọ dúró fún baba télọ̀ kó lè di ajá rẹ̀ mú.

"Ta ló rán èyí?" ó bi wọ́n.

Dókítà fi ìka méjì tẹ ọ̀fun ajá. Ajá náà wúkọ́. Má-mira pẹ́ jù kó tó tẹ bọ́tìnì. Ahọ́n ajá tún dúdú sí i.

"Ó tó, màmá."

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ pé má mira. Bí ikọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì.

Nínú fọ́tò àtijọ́, ọ̀nà èémí ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nínú tuntun, ó ti pẹlẹbẹ láàárín àyà, bíi rọ́bà gígùn tí omi ń gbà kọjá tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ọ̀nà èémí rẹ̀ ló ń wó," ni dókítà wí. "Kò ní san tán o, baba, àmọ́ a ó lè dẹ ikọ́ náà. Ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù kó lè fọn díẹ̀, ẹ má sì so okùn mọ́ ọn lọ́rùn mọ́."

Baba télọ̀ ti ń tú okùn ọrùn náà. "Màá rán ti àyà fún un."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, dókítà béèrè pé, "Màmá, ajá oníkọ́ mélòó la ti yà lọ́dún tó kọjá tí a kò rí nǹkan kan?"

Má-mira ti fa àpótí àwọn fọ́tò àtijọ́ síta.